Ilẹ̀kùn Fíríìjì Ìyá Àgbà

Nílé wa,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ́ńjìnnì,
ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ọ̀rọ̀-ò-tán,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara ń le? Ṣé èémí ń wọlé, ṣé ó ń jáde bó ṣe yẹ? Mo mọ̀ pé àwọn ìyá mìíràn a máa bèèrè bóyá ọmọ wọn ti jẹun kí wọ́n tó bèèrè ohun mìíràn, ṣùgbọ́n àyà rẹ ni èmi máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kó sì bá àǹtí rẹ nídìí maṣíìnì ìránṣọ wọn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ní tiwa níhìn-ín, ara wa le koko, àfi orúnkún Ìyá Àgbà tó máa ń dún bí wọ́n bá dìde. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kì í ṣe ọjọ́ orí ló fà á, wọ́n ní àga wa ni kò dára.

Mo mọ̀ ọ́ o. Ojú rẹ ti wà ní ìsàlẹ̀ ìwé yìí báyìí, o ń wá ibi tó parí sí. Má fò ó! Jókòó jẹ́ẹ́, kí o kà á láti òkè wá. Ìròyìn tí mo fẹ́ fún ọ ní orí, ó sì ní ìrù. Bí o bá gbá ìrù mú kí o tó rí orí, kò ní yé ọ, wàá sì tún máa fi ìbéèrè pa àǹtí rẹ lórí aṣọ oníbàárà.

Ṣé o rántí ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, tí mo ní kí o ṣì fara balẹ̀ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ? O ní, “Màmá, ta lẹ fẹ́ kó máa gbé ilé yẹn gan-an, èmi àbí ẹ́ńjìnnì?” Háà! Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Mo dákẹ́, ìwọ náà sì mọ̀ pé èmi kì í dákẹ́. Mo ní kí o gbé fóònù fún àǹtí rẹ, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, mo bọ́jú, mo sì bá ara mi sọ ọ́ pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ́ńjìnnì yìí á kúrò, ọmọ mi á wálé.

O kéré nígbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà wá, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ bí ẹni ń ṣàlàyé fún àgbà. Iná tó ń wá láti ibi tí wọ́n ti sé odò ńlá tó àdúgbò wa lò lójú ọ̀sán. Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà máa ń dé. Gbogbo èèyàn á ti ibi iṣẹ́ dé, gílóòbù á tàn, áyọ́ọ̀nù á gbóná, fíríìjì tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Aago kan wà nílé ẹ́ńjìnnì tó ń ka iná tí gbogbo wa ń lò. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan ìlà pupa, ẹ́ńjìnnì á dá ara rẹ̀ tan láti fi kún un, á máa mu epo dísù, á máa tu èéfín dúdú sórí òrùlé wa. Àkókò yẹn gan-an ni ẹ̀yin ọmọdé máa ń ṣeré níta. Ìwọ fúnra rẹ mọ ìyókù: ikọ́ fée, ilé ìwòsàn, àti dókítà tó yọ ìgò ojú rẹ̀ tó ní kí a gbé ọ kúrò níbi èéfín bí a bá fẹ́ kí o máa rí oorun sùn. Bàbá rẹ fi ọkọ̀ gbé ọ lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ, ó sì dá nìkan wakọ̀ bọ̀.

Nígbà yẹn, ìgbìmọ̀ ìlú tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti ń múra láti ra ẹ́ńjìnnì kejì. Wọ́n fẹ́ gbé e ti ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́! Mo dìde nípàdé, mo ní dípò tí a ó fi máa wá iná kún iná, ẹ jẹ́ ká wá ibi tí èyí tí a ní ń jò sí. Alága wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Ìyáàfin, iná kì í ṣe omi, kì í jò.” Mo ní ó ń jò, sà. Mo lọ sídìí fíríìjì ọ́fíìsì wọn, mo fi bébà há ilẹ̀kùn rẹ̀, mo tì í, mo fa bébà náà, ó sì yọ wọ̀ọ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀. Mo ní òtútù ń gba ibẹ̀ jáde látàárọ̀, iná sì ń wọlé láti pààrọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ yín kì í fi í sinmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, kí n lọ ṣe ètò mi, ṣùgbọ́n bí ìgbà ooru bá wọlé tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń tan nírọ̀lẹ́, àwọn á ra ìkejì, mi ò sì gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì bá wọ ilé dé ilé. Ti gílóòbù kò le, a pààrọ̀ wọn, ó parí. Fíríìjì ni ọ̀gá wọn. Àwọn kan dàgbà ju èmi lọ, rọ́bà ilẹ̀kùn wọn ti gbẹ, ẹ̀yìn wọn ti dípẹtà, wọ́n sì ń dún bí alápatà tó ń pọ́n ọ̀bẹ. A kọ ètò kan, a pè é ní Ṣọ́-Iná-Lò: ilé tó bá ní fíríìjì àtijọ́ yóò gba tuntun tí kì í mu iná púpọ̀, yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀ mọ́ owó iná. Nígbà tí a jókòó láti ṣètò rẹ̀, ẹnì kan bèèrè pé ṣé a ó gba ti àtijọ́ padà. Gbogbo wa pariwo mọ́ ọn! Ṣé a ó wọ ilé àgbàlagbà, a ó gbé tuntun kalẹ̀, a ó wá tún máa nawọ́ sí ohun tí wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó bí wa? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn? A kò bèèrè. A gbé tuntun fún wọn, a kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n súre fún wa, a jáde. Ẹ̀kọ́ ilé tí a ní yìí, òun gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ètò náà.

Nítorí pé nígbà tí a pín fíríìjì tuntun tán, tí mo ń retí kí ọwọ́ aago wá sílẹ̀, ńṣe ló ń gòkè. Baba Ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà tó máa ń fún ọ ní súìtì, pè mí wá wò ó. Wọ́n ní, “Ìyá Ọ̀rọ̀-ò-tán, oògùn tí ẹ fún aláìsàn yìí mà ń mú un sanra sí i o.” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń húkọ́, nítorí àyà tiwọn náà kò sàn ju tìrẹ lọ. N kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, ó di ilé dé ilé lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ mi, bí o bá rí ohun tí mo rí! Tuntun wà ní pálọ̀, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀ bí ìyàwó. Àtijọ́ wà ní kọ̀rọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ ràì. Onígbàjámọ̀ ti gbé tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tówẹ̀lì tútù ló kó sínú rẹ̀ fún àwọn tí orí wọn bá gbóná. Sójà-fẹ̀yìntì tó wà ní ìdojúkọ wa ń kó ìwé ìròyìn sínú tiwọn, wọ́n ní kòkòrò kì í jẹ ìwé tó bá tutù. Mo ní, “Bàbá, ẹ ń lo iná láti tọ́jú ìròyìn ọdún tó kọjá?” Wọ́n ní ìròyìn tí a bá tọ́jú kì í bàjẹ́. Fíríìjì méjì ti wà níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, àwa la sì ṣílẹ̀kùn ọgbà náà fún un.

Mo ní kí onígbàjámọ̀ jọ̀ọ́, kó jẹ́ ká gbé ti àtijọ́ lọ. Ó fi abẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ìyá Ọ̀rọ̀-ò-tán, ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Fíríìjì Ìyá Àgbà ilé yín ńkọ́?” Ojú tì mí, nítorí òótọ́ ló sọ. O mọ fíríìjì náà, èyí tó wà ní yàrá wọn, tí bàbá àgbà rẹ rà nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Èmi ni mo gbé tuntun wọlé, àtijọ́ kò sì kúrò lójú kan. Gbogbo ibi tí mo bá dé, ìbéèrè kan náà ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ilé ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n kò tíì ṣe é.

Mo bá lọ bá Ìyá Àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ gbé e, kí n gbé àwọn náà mọ́ ọn. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ló ń mú àwọn sùn láti ọjọ́ tí ọkọ àwọn ti lọ, pé bó bá dákẹ́, yàrá náà á tóbi jù fún àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀. O rántí, àbí? Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti máa ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tí orí rẹ dé láti mọ bí o ṣe ga tó. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọjọ́ tí o kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ dúró nílé yìí ni. Èyí tó wà lókè, ọjọ́ tí o lọ ni. Wọ́n ní, “Bí ẹ bá gbé èyí lọ, kí ló kù fún mi lára ọmọ náà?” Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀ mi, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú fíríìjì wọn.

Ní ọ́fíìsì, Alága ní kò le rárá, kí wọ́n fi ọkọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin alágbára, kí wọ́n máa fi tipátipá kó o. Mo ní sà, ẹni tí wọ́n fipá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ á ra òmíràn pẹ̀lú ìbínú, á sì gbé e síbi tí a kò ti ní rí i. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan péré. Kí gbogbo àdúgbò yọ fíríìjì àtijọ́ kúrò lára iná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé ẹ́ńjìnnì kò ní tan. Ẹni tó bá ti rí kò ní nílò àlàyé. Wọ́n ní orí mi le. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, wọ́n bí i mọ́ mi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la fi ìdánwò náà sí. Mo lọ kọlẹ̀kùn gbogbo ilé, gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́, àwọn á yọ ọ́. Ìyá Àgbà náà gbà, wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan kò tó ìjà. Mo dúró títí wọ́n fi yọ okùn rẹ̀ lójú mi. A to àga síwájú ilé ẹ́ńjìnnì, Alága wá pẹ̀lú bàtà dídán, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Baba Ẹ́ńjìnnì dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń ké ibi tí ọwọ́ aago dé fún wa bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Oòrùn wọ̀. Gílóòbù ń tàn láti ilé kan dé èkejì. “Ó ń gòkè!” “Ó dúró!” “Ó tún ti ń gòkè o!” Mo ń wo òrùlé ilé ẹ́ńjìnnì, mo ń sọ nínú mi pé má tan, má tan, jọ̀ọ́ má tan. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún húkọ́, ó sì bú ramúramù. Èéfín dúdú bò wá mọ́lẹ̀ níbi tí a jókòó sí.

Alága dìde, wọ́n gbọn sòkòtò wọn. Wọ́n ní, “Ìyáàfin, ojú yín náà rí i. Ẹ gbìyànjú. Ní ọjọ́ Ajé, a ó kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kejì wá.” Ọmọ mi, ojú rẹ ni mo ń rí. Mo mọ̀ pé ìṣirò mi kò ṣìnà, n kò kàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ orúnkún Ìyá Àgbà. Wọ́n dìde, wọ́n di ẹ̀yìn àga mú. Wọ́n ní, “Tèmi wà lára iná.” Gbogbo èèyàn yíjú. Wọ́n ní, “Mo yọ ọ́ lójú ìyàwó ọmọ mi. Bó ṣe kẹ̀yìn ni mo tún fi í padà sára iná. Mo ní tèmi nìkan, kí ni yóò ṣe láàárín gbogbo àdúgbò?” Wọ́n tún ní, “Ìlà tí ọmọ-ọmọ mi fi ga ni mo dì mú, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi ti ọmọ náà sí ìlú onílùú. Ẹ gbọ́ mi o: tèmi wà lára iná. Ti ta ni ó tún wà níbẹ̀?”

Sójà-fẹ̀yìntì wúkọ́, wọ́n ní, “Tèmi náà.” Onígbàjámọ̀ ní òun náà rò pé tòun nìkan kò lè ṣe nǹkan kan. Ni ọ̀rọ̀ bá di tèmi náà, tèmi náà, láti ẹnu dé ẹnu, àfi bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Olúkúlùkù ti rò pé àwọn yòókù á yọ tiwọn, kí tòun ṣáà máa ṣiṣẹ́ lọ! Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bú wọn. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, “Kí lẹ tún ń dúró ṣe?” Ọmọ mi, o ò rí eré! Sójà-fẹ̀yìntì tí wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn kò gbé àwọn mọ́, àwọn ló ṣíwájú.

A dúró. Baba Ẹ́ńjìnnì na orí jáde lójú fèrèsé, wọ́n ní, “Ó ń wálẹ̀.” Wọ́n tún ní, “Ó ń wálẹ̀ o!” Ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n, ó mí kan, ó sì kú. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń dún ní àdúgbò yìí. Mo gbọ́ ọmọ ọwọ́ kan tó ń sunkún lópin òpópónà. Mo gbọ́ ẹni tó ń fọ abọ́, mo sì gbọ́ tọkọtaya kan tó ń jà lórí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ sọnù. Inú mi dùn dé ibi pé omi bọ́ lójú mi níwájú Alága. Àwọn náà jókòó padà. Wọ́n ní ó dáa, àwọn fún mi ní gbogbo ìgbà ooru, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì bá tan, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo ní, “Sà, kò ní tan.” N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà fúnra wọn ló ní kí n pe atúnfíríìjìṣe wá. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó kọ́kọ́ fa gáàsì inú ẹ̀rọ náà sínú ìgò irin, kó má ṣe jẹ́ kó tú sáfẹ́fẹ́, nítorí bí gáàsì yẹn bá lọ sókè, ó ń dá kún ooru tó ń bo ayé. Ó fà á tán. Ó ku kí wọ́n gbé e, ni Ìyá Àgbà bá gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ mú. Wọn kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà họrí, ó wò mí, ó wo ilẹ̀kùn. Ó wá mú irinṣẹ́ jáde, ó tú nọ́ọ̀tì, ó yọ ilẹ̀kùn náà odindi, ó gbé e ti ògiri yàrá wọn. Ó ní, “Màmá, iná kò sí lára ilẹ̀kùn.” Ìyá Àgbà ní kó jókòó kó mu tíì.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Kì í ṣe fíríìjì ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń dì mú, ohun tó wà lára rẹ̀ ni. Mo lọ tún ètò náà kọ. Mo ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dá ti àtijọ́ padà kọ́kọ́ yan ohun tó bá wù wọ́n lára rẹ̀ kí a tó gbé e. Onígbàjámọ̀ mú pẹpẹ inú rẹ̀, orí rẹ̀ ló ń to kóòmù sí báyìí. Sójà-fẹ̀yìntì mú àpótí ewébẹ̀ fún ìwé ìròyìn wọn, wọ́n sì ti gbà pé kòkòrò kò jẹ ìwé kankan. Obìnrin kan ní ọwọ́ ilẹ̀kùn nìkan lòun fẹ́, nítorí ọwọ́ ìyá òun ló dán an. A fún un. Kò sí ọkùnrin alágbára kankan, kò sí ariwo. Àwọn fúnra wọn ló ń gbé e wá bá wa. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa báyìí.

Ooru dé, irú èyí tí àwọn àgbà ní àwọn kò rí rí, bí wọ́n ti máa ń wí lọ́dọọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ilé ẹ́ńjìnnì ni mo máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ìrọ̀lẹ́ kan wà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá bọ́ọ̀lù bọ́ sí, tí gbogbo tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn, ọwọ́ aago sì sún mọ́ ìlà pupa débi pé irun orí lè dí àlàfo náà. Baba Ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí wa. Kíá ni gílóòbù ń kú láti ilé dé ilé, àwọn èèyàn kó jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò wọn, Ìyá Àgbà sì jẹun nínú òkùnkùn, wọ́n ń ráhùn pé àwọn bu ata sínú tíì. Ọwọ́ aago kò kan ìlà náà. Kò kàn án ní ọjọ́ yẹn, kò sì kàn án títí òjò fi dé.

Ó ku ìrù ìròyìn mi, Ọ̀rọ̀-ò-tán, máa wò ó dáadáa. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọkọ̀ ńlá kan wá, wọ́n so ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n gbé e lọ. Ó ti lọ! Koríko ni yóò hù síbi tó wà. Alága bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n ní àwọn àdúgbò mìíràn ń bèèrè ètò wa, pé kí n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù tó ń bọ̀. Baba Ẹ́ńjìnnì ti máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé mo ń gbẹ́ kòtò sin iṣẹ́ àwọn, mo sì ń ní kí àwọn mú ṣọ́bìrì wá. Iṣẹ́ wọn kò bọ́. Àwọn ló ń lọ láti ilé dé ilé báyìí pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, tí wọ́n ń wò bóyá ilẹ̀kùn fíríìjì ń ṣí àlàfo, ikọ́ wọn sì ti fúyẹ́.

Èmi àti bàbá rẹ fọ gbogbo ògiri. Omi tó ń ṣàn lára wọn dúdú bí tádàwà. A fọ kọ́tìnì, a pààrọ̀ ìrọ̀rí rẹ, mo sì ní kí dókítà fúnra wọn wá fi imú wọn gbọ́ afẹ́fẹ́ ilé wa. Wọ́n dúró lójú fèrèsé rẹ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ lọ mú ọmọ yín wá.” Bàbá rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Di ẹrù rẹ, kí o má gbàgbé oògùn fífà símú rẹ, nítorí a ṣì ń tọ́jú àyà yẹn o, a kò tíì fi í sílẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí rẹ. Mo mọ̀ pé ọmọbìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, kúnlẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kí ó pẹ́ nílẹ̀, oore wọn ju ìkúnlẹ̀ lásán lọ.

O bi mí ní ìbéèrè, n kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Mo ti dáhùn báyìí. Ìwọ ni.

Kí ọ̀nà tí ẹ ó gbà là fún yín. Kí afẹ́fẹ́ tí o bá fà sínú máa ṣe ọ́ ní oore. Wàá ga, wàá gbó, ilé kò ní lé ọ, ìta kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ títí a ó fi dì mọ́ra.

Èmi ni ìyá rẹ tí orí rẹ̀ le,
Ìyá Ọ̀rọ̀-ò-tán.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Ìyá Àgbà ti gbẹ́ pẹ́ńsùlù, wọ́n gbé e lé orí ilẹ̀kùn náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síhìn-ín pé láti ìgbà tí fíríìjì ti dákẹ́, àwọn kì í tètè rí oorun, nítorí náà yàrá àwọn ni wàá máa sùn. Wọ́n ní kí o bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìlú tí o ti wá bí o bá ti wọlé, kí o má sì dákẹ́ títí àwọn ó fi sùn lọ.